Ta Ni Yóò Pe Ìyá Ọmọ Náà?

Kì í ṣe àìsí oògùn láyé ló ń pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọdé tí jẹjẹrẹ ń bá fínra ní Èkìtì. Oògùn wà, ó sì ti pẹ́ tó ti wà. Ohun tó ń pa wọ́n ni pé wọn kì í tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ oògùn náà lò. Bí wọ́n bá sì débẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í lè dúró gba ìtọ́jú náà parí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí 400,000 ọmọ, láti orí ìkókó dé orí ọmọ ọdún 19, ni jẹjẹrẹ ń mú lọ́dọọdún káàkiri ayé. Nílùú àwọn olówó, bí ó bá mú ọmọ 100, ó lé ní 80 tó ń yè é. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí nǹkan ò ti ṣẹnuure, àwọn tó ń yè é kì í pé 30. Àìsàn kan náà ni, oògùn kan náà ni. Ní 2018 ni WHO gbé ètò kan kalẹ̀ pé kó tó di òpin 2030, ó kéré tán, kí ọmọ 60 nínú 100 máa yè é níbi gbogbo. Ọdún náà ti dé tán, àsìkò sì tó tí Èkìtì yóò sọ ohun tó fẹ́ ṣe sí i.

Nígbàkúùgbà tí ẹnu bá kan ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ wa, ẹ̀rọ ràgàjì ni ọkàn wọn ń lọ sí: èyí tí wọ́n máa fi tírélà kó wá, tí gómìnà máa gé rìbọ́nù rẹ̀, tí àwọn oníròyìn bíi tiwa máa ya fọ́tò rẹ̀ sójú ewé kìíní. A ò bá ẹ̀rọ ńlá jà. Ẹ̀rọ onítànṣán àti èyí tó ń wo inú ara ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Àmọ́ èrò tiwa ni pé ẹ̀rọ tó máa kọ́kọ́ gba àwọn ọmọ wọ̀nyí là ti wà lọ́wọ́ ìyá wọn. Fóònù ni. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ èyí kékeré onítọ́ọ̀ṣì tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó yẹ kí ìjọba fi tì í lẹ́yìn ni òṣìṣẹ́ kan tó ń gbowó oṣù, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ gbà á ni kó máa pe nọ́ńbà náà, kó sì máa gbé e nígbà tí wọ́n bá pè é.

Ẹ jẹ́ ká fi irú jẹjẹrẹ kan ṣàlàyé, èyí tí ilẹ̀ wa mọ̀ dunjú. Ní 1957, ní ilé-ìwòsàn Mulago ní Kampala, wọ́n ní kí dókítà oníṣẹ́-abẹ kan, Denis Burkitt ọmọ ilẹ̀ Ireland, wá wo ọmọdékùnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀. Kò rí irú rẹ̀ rí. Kò pẹ́ sí i, ó tún rí ọmọ mìíràn ní ìlú Jinja tó ní ohun kan náà. Ní 1958 ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé àwọn oníṣẹ́-abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ló kàn wá jù lónìí. Ó tẹ ìwé pélébé tí àwòrán àwọn ọmọ náà wà nínú rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ìwòsàn káàkiri Áfíríkà, ó sì ń bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti rí irú èyí rí. Ní 1961, òun àti dókítà méjì mìíràn wọ ọkọ̀ àlòkù kan, wọ́n rin nǹkan bíi 10,000 máìlì, láti ilé-ìwòsàn dé ilé-ìwòsàn, wọ́n ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe hàn pé ibi tí ooru àti òjò ti pọ̀, tí ibà ẹ̀fọn ti fìdí kalẹ̀, ni àìsàn náà ń gbé. Ní 1964, Anthony Epstein, Bert Achong àti Yvonne Barr rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú kókó náà ní London, fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí ayé mọ̀ pé ó ní ọwọ́ nínú jẹjẹrẹ ọmọ ènìyàn. Fọ́tò, sítáǹbù àti ìbéèrè kan ṣoṣo: ìmọ̀ ẹ̀rọ tí Burkitt fi bẹ̀rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìjerò lónìí ní ohun tó ju ti Burkitt lọ lọ́wọ́.

Àwọn dókítà ní Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ yìí, tí wọ́n fi orúkọ Burkitt pè, láti ọdún gbọọrọ wá. Ìwà méjì ló ní tó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kò sí irú jẹjẹrẹ tó ń yára dàgbà tó o lára ènìyàn: láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni ó lè di ìlọ́po méjì ara rẹ̀. Kókó tó tó ẹ̀kùrọ́ ní ọjọ́ Ajé lè tó agbálùmọ̀ kí ọjọ́ Ajé mìíràn tó kò. Èkejì ni pé ìyára yẹn kan náà ló ń jẹ́ kí oògùn ràn án. Oògùn àtijọ́ kan wà tí ń jẹ́ cyclophosphamide, kì í ṣe oògùn tuntun tó wọ́n gógó. Bí wọ́n bá tètè fún ọmọ náà bó ṣe yẹ, ojú tó ti wú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ fi jókòó sílé kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lásán.

Kí ni ó sì ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà? Eyín ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n á ní eyín ń dùn ún, wọ́n á lọ yọ ọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò fọn, wọ́n á dé kẹ́míìsì, wọ́n á gba kápúsù. Lẹ́yìn náà àgbo, lẹ́yìn náà òkè àdúrà. Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, ara gbígbóná àti ojú tó funfun ni a ó rí, ibà àti táífọ́ọ̀dù sì ni gbogbo ènìyàn á fi pè é; wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, á gbérí fún ìgbà díẹ̀, á tún wó lulẹ̀. Bí egungun bá ń ro ó, wọ́n á ní arọmọléegun ni. Bí ikùn bá le ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á ní ibà ló wú u níkùn. A kò dá ìyá ọmọ lẹ́bi. A kò tilẹ̀ dá nọ́ọ̀sì tó wà ní hẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà abúlé lẹ́bi, nítorí ibà tòótọ́ ló ń rí láti àárọ̀ dalẹ́, ó sì lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí ọmọ kan ṣoṣo tó ní jẹjẹrẹ tó gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ẹni tí kò rí nǹkan rí kò lè dá a mọ̀, àfi bí ẹni tó ti rí i bá wà nítòsí létí fóònù.

Ojú ni ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni fóònù ti ń ṣe ohun tí ojú lásán kì í sábà ṣe. Jẹjẹrẹ kan wà tí ń jẹ́ retinoblastoma, ẹ̀yìn ẹyinjú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sábà ń hù sí. Bí a bá ya ọmọ ní fọ́tò nínú òkùnkùn díẹ̀ tí iná fóònù sì kọ mànà, ojú tó dá ṣáṣá máa ń pọ́n láàárín ẹyinjú. Èyí tí kókó wà nínú rẹ̀ lè yọ funfun báláú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bryan Shaw, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Yunifásítì Baylor ní Texas, rí àìsàn yìí lójú ọmọ tirẹ̀ ní 2008. Wọ́n yọ ojú kan. Lẹ́yìn náà ni ó padà sídìí gbogbo fọ́tò tí wọ́n ti ya ọmọ náà, ó sì rí i pé funfun náà ti wà nínú àwọn fọ́tò láti ìgbà tí ọmọ kò tíì pé oṣù kan. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe áàpù kan tó ń jẹ́ CRADLE, tó ń wá irú ojú bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò tó wà lórí fóònù. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, nínú ọmọ 20 tí wọ́n ní àìsàn ojú, áàpù náà rí àmì náà nínú fọ́tò ọmọ 16 ṣáájú kí dókítà tó dá àìsàn náà mọ̀; bí a bá pín in dọ́gba, ó fi ohun tó lé ní ọdún kan ṣáájú.

Áàpù kì í ṣe dókítà o. Ojú funfun nínú fọ́tò lè jẹ́ títàn iná láti ẹ̀gbẹ́, ó sì lè jẹ́ àìsàn ojú mìíràn tí ọmọdé ń ní. Dókítà ojú nìkan ló lè sọ. Àmọ́ a ní àbá kan tí kò ní ná ìjọba ní nǹkan púpọ̀. Ta ló ń ya àwọn ọmọ wa ní fọ́tò jù lọ ní Adó-Èkìtì? Àwọn ayàwòrán tó ń lọ síbi ìkómọjáde, ọjọ́ ìbí àti ìgbà tí jẹ́léósinmi bá ń ṣe ayẹyẹ ìparí ọdún. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò bá kíyè sí, oníkámẹ́rà á rí i lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ níbi tó ti ń tún fọ́tò ṣe, á tilẹ̀ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa funfun yẹn rẹ́ kí fọ́tò lè rẹwà. Kí EKSUTH, ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, pe ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán jọ fún ìdajì ọjọ́ kan péré, kí wọ́n fi àwòrán hàn wọ́n, kí wọ́n sì fún wọn ní nọ́ńbà kan. A mọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Iṣẹ́ tí wọ́n á ṣe á kọjá ti ìpolongo orí rédíò mẹ́wàá.

Bí a bá ti ní nọ́ńbà yẹn, iṣẹ́ kejì rẹ̀ ni ti àwọn hẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà. Nọ́ọ̀sì tó wà ní Ìgèdè, ní Àràmọ̀kọ́ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè yóò gba àṣẹ lẹ́nu òbí, yóò ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ojú ọmọ, yóò fi ránṣẹ́ sí dókítà àwọn ọmọdé kan pàtó tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ìdáhùn yóò sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kì í ṣe gúrúùpù Wásáàpù tí ènìyàn 200 wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi àdúrà àárọ̀ àti ìpolówó aṣọ ránṣẹ́ síra wọn. Dókítà kan ni, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára ògiri. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn dókítà lè gbà fi ohun tí wọ́n rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù han àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà ní Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn: wọ́n á gbé ojú fóònù lé ojú awò náà, wọ́n á yà á, wọ́n á fi ránṣẹ́. Kò lè rọ́pò àyẹ̀wò pátápátá, ṣùgbọ́n ó lè sọ fún wa lọ́jọ́ kan náà pé kí ọmọ yìí gbéra tàbí kó dúró. Ní 2002 ni ilé-ìwòsàn St. Jude ní Memphis dá Cure4Kids sílẹ̀, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn dókítà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń kẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sì ti ń fikùn lukùn lórí ọmọ tó ń ṣàìsàn.

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dun wá jù. Ká ní gbogbo èyí bọ́ sí i, tí a ti dá àìsàn mọ̀, tí ìtọ́jú sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìtọ́jú Burkitt máa ń gba oṣù mélòó kan; ti jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé a máa gba ọdún méjì sí mẹ́ta. Bí dókítà bá ní Ifẹ̀ ni ọmọ máa lọ, ìyá tó ń gbé ní Adó á gba Ìyìn, Ìgèdè, Àràmọ̀kọ́, Ìtáwùrẹ́, Ẹ̀fọ̀n, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìwàràjà, á kọjá Iléṣà kó tó dé. Ó ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá dání nínú ọkọ̀ akérò, ó ń fi àwọn ọmọ yòókù sílẹ̀ fún aládùúgbò, ọjà rẹ̀ wà ní títì. Bí ojú ọmọ bá ti fọn lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, tí ó ti ń sáré kiri ojúlé, ta ló máa dá ìyá yẹn lẹ́bi bí ó bá sọ pé Ọlọ́run ti ṣe é? Ojú fọn ni, jẹjẹrẹ kò tíì lọ. Bí ó bá padà dé, oògùn tó gbọ́ tẹ́lẹ̀ lè má gbọ́ mọ́.

Àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ ọmọdé lágbàáyé ti fẹnu kò pé ọmọ tí kò bá yọjú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin léra ni a ó kà sí ẹni tó já ìtọ́jú sílẹ̀. Ìyẹn dára fún àwọn tó ń kọ ìwé. Fún ẹni tó fẹ́ kí ọmọ yè, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti pẹ́ jù. Ọjọ́ kejì tí ọmọ kò wá ló yẹ kí fóònù dún nílé wọn, ìpè náà kò sì nílò ju báyìí lọ:

“Ẹ kúulé o, màmá. Láti ilé-ìwòsàn ni. Àná la ti ń retí yín, ṣé kò sí o?”

“Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Owó ọkọ̀ ni. Bàbá ẹ̀ ò tíì rówó kòkó gbà.”

“Ara ọmọ ńkọ́?”

“Ó gbóná díẹ̀ lálẹ́ àná.”

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn lè pa ọmọ. Oògùn jẹjẹrẹ máa ń bá àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ jà pẹ̀lú, débi pé ara ọmọ kò ní ohun tó máa fi dojú kọ kòkòrò fún ọjọ́ mélòó kan. Ibà tó bá mú ọmọ tó wà lórí irú oògùn yìí kì í ṣe ibà tí à ń ra Paracetamol sí. Ilé-ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gànjọ́. Nítorí náà, kí gbogbo ìyá tó bá gba kààdì ìtọ́jú máa gba tẹmómítà pẹ̀lú, kí wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń kà á, kí ó sì mọ̀ pé bó bá ti lé 38, kó pè. Nínú gbogbo ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a dárúkọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, bóyá tẹmómítà ló kéré jù lówó.

Ẹni tó bá sọ pé irú ètò yìí kò lè ṣeé ṣe níhìn-ín, kó bojú wẹ̀yìn. Ní 2009, ìjọba Olúṣẹ́gun Mímikò ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Abiyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọrẹ̀ tí Igbára-Òkè jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa ni Igbára-Òkè wà. Títí di 1996, ìpínlẹ̀ kan náà ni àwa àti wọn. Wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù tí wọ́n lè fi pe òṣìṣẹ́ ìlera lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n yan àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n fa nǹkan bí aláboyún 25 lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, kó mọ ilé wọn, kó mọ oṣù wọn, kó máa lọ wò wọ́n. Àwọn tó gbé ètò náà kalẹ̀ ti kọ́kọ́ jókòó ka ohun tó ń dá aláboyún dúró: kó tó pinnu pé òun ń lọ, kó tó dé, kó tó rí ìtọ́jú lẹ́yìn tó dé, àti kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tó jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọmọ tó ní jẹjẹrẹ dípò aláboyún, kò sí ọ̀kan tó yẹ̀ níbẹ̀. Àwọn aláboyún sì pọ̀ ju àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ fíìfíì. Iṣẹ́ tí Oǹdó ṣe fún odindi ìjọba ìbílẹ̀, nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn lè ṣe é fún gbogbo àárín gbùngbùn Èkìtì, láti Adó dé Ẹ̀fọ̀n.

Owó ọkọ̀ tí ìyá yẹn kò ní náà ní ọ̀nà. Kò sí ìkóríta ní Èkìtì lónìí tí oní-POS kò sí. Bí ilé-ìwòsàn bá fi owó àlọ àti àbọ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìyá ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìtọ́jú, á gbà á lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ní ti owó oògùn fúnra rẹ̀, ètò ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ wa ni ọ̀rọ̀ bá. Kí wọ́n kọ ọ́ gbangba pé jẹjẹrẹ ọmọdé wà lára ohun tí wọ́n ń san, kí wọ́n dárúkọ irú rẹ̀ àti oògùn rẹ̀. Nílé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Moi ní Eldoret, ní Kenya, ìwádìí fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ nínú ìbánigbófò ìlera kì í já ìtọ́jú sílẹ̀ tó àwọn tí kò ní in. Owó ìrànwọ́ jẹjẹrẹ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀, jẹjẹrẹ àwọn àgbà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ti ọmú, ti ọrùn ilé-ọmọ àti ti próstéètì. Ọmọdé kì í dìbò.

Níwọ̀n ìgbà tí ìjọba kò bá sanwó, a mọ ohun tí àwọn òbí ń fi fóònù ṣe. Wọ́n á ya ọmọ ní fọ́tò níbi tí ojú rẹ̀ ti wú jù, láìsí aṣọ lọ́rùn rẹ̀, wọ́n á gbé e sórí Facebook pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì. Wọn kò ní ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe, a kò sì ní sọ̀rọ̀ sí wọn. Àwọn tí a ó sọ̀rọ̀ sí ni àwọn tó ń jí fọ́tò náà gbé, tí wọ́n ń yí nọ́ńbà àkáǹtì padà sí tiwọn, àti àwọn tó ń gbé kámẹ́rà wọ wọ́ọ̀dù láti wá fi ẹkún ọmọ kó ọmọlẹ́yìn jọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 sì ka ọ̀rọ̀ àìlera mọ́ ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ọmọ tó bá yè, á dàgbà, á wọ yunifásítì, á ṣègbéyàwó. Fọ́tò yẹn á ṣì wà níbẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní a gbàgbé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. A kò gbàgbé wọn. Òdòdó kan wà tí wọ́n ń gbìn sí iwájú ilé káàkiri Adó, aláwọ̀ osùn rẹ́súrẹ́sú tàbí funfun, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Madagascar periwinkle. Inú ewé rẹ̀ ni wọ́n ti rí vincristine, oògùn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1963, tó ṣì wà lára ohun tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé kárí ayé títí dòní. St. Jude tó ṣílẹ̀kùn ní 1962 sọ pé ọmọ 4 nínú 100 tó ní oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ ọmọdé ló ń yè é nígbà náà. Lọ́dọ̀ wọn lónìí, 94 ni. Ewé wà lára ohun tó ṣe é. Àmọ́ ewé rẹpẹtẹ ni wọ́n ń lọ̀ kí ìwọ̀nba tíńtín tó jáde, bí ó bá sì fi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, májèlé ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ já a sínú ìkòkò. Ohun tí à ń bẹ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ fún ni pé kí àwọn náà ní nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́, kí wọ́n pè nígbà tí wọ́n bá rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú tàbí ojú tó funfun. Kí àwọn wòlíì orí òkè náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọmọ ti ń kọ́kọ́ yà, ẹ̀gàn kò sì ní mú wọn pe ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọ̀dọ́ yàtọ̀ sí ọmọdé. Ọmọ ọdún 16 tí a fi orúkọ àìsàn rẹ̀ pamọ́ fún, ó ti wò ó lórí Google kí ìyá rẹ̀ tó sùn. Ó sàn kí dókítà jókòó tì í, kó sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń dá oògùn dúró nítorí irun tó re tàbí nítorí ìtìjú. Ní 2006 ni àjọ HopeLab ní Amẹ́ríkà gbé géèmù kan jáde tí wọ́n pè ní Re-Mission, tí ẹni tó ń ta á ti ń yìnbọn fún jẹjẹrẹ nínú ara. Wọ́n dán an wò lára ọ̀dọ́ 375 ní ilé-ìwòsàn 34; ní 2008 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn tó ta géèmù náà ń lo oògùn wọn dáadáa ju àwọn yòókù lọ. A kò ní kí Èkìtì lọ ṣe géèmù. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó ń fi ìwé yangàn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì pàdánù ìdánwò WAEC nítorí pé kò sí olùkọ́ tó fi nóòtì ránṣẹ́ sí i. Kí olùkọ́ kíláàsì ya ojú pátákó, kó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Kí àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà lè máa pè é lórí fídíò ní ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn tó.

Wọ́n á tún ní kò sí iná, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ̀rọ̀ ìpè lásán, tí a kò fi áàpù ṣe ìpìlẹ̀. Lọ́nà kejì, ìjọba Èkìtì ti fi hàn pé òun lè ṣí ọ̀nà fún ẹ̀rọ nígbà tó bá wù ú: ní 2020, lábẹ́ Káyọ̀dé Fáyẹmí, ó já owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń san láti ri wáyà mọ́lẹ̀ láti ₦4,500 wálẹ̀ sí ₦145 lórí mítà kan. Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà ti fọwọ́ sí 80 mílíọ̀nù dọ́là fún Ekiti Knowledge Zone ní Adó. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ìlú yìí pọ̀, wọ́n sì ń wá iṣẹ́ tó ní láárí. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan tó máa ń rán nọ́ọ̀sì létí pé ọmọ báyìí kò wá lónìí, iṣẹ́ oṣù kan ni lọ́wọ́ wọn. Ìbàdàn ti ń kọ orúkọ àwọn alárùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Èkìtì náà sì ní ìwé tirẹ̀. Kí wọ́n kàn fi ìlà méjì kún un: nọ́ńbà ìyá, àti ọjọ́ tí ọmọ máa padà wá.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera àti àwọn aṣòfin kò ṣòro kà. Nọ́ńbà kan tí kì í gba owó, tí EKSUTH, ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó àti ilé-ìwòsàn Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá jọ ń lò. Nọ́ọ̀sì méjì tí wọn kò ní fi iṣẹ́ mìíràn kún iṣẹ́ wọn. Dókítà àwọn ọmọdé kan lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́ láti dá àwọn hẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà lóhùn. Owó ọkọ̀ nípasẹ̀ oní-POS. Tẹmómítà. Gbogbo rẹ̀ kò lè tó iye tí ọkọ̀ jíìpù kan ń náni. A ó máa wo ìwé ìṣúná ìpínlẹ̀ tó ń bọ̀ láti rí i níbẹ̀, lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀, kì í ṣe lábẹ́ “àwọn ìnáwó mìíràn”. Bí a kò bá rí i, a ó béèrè orúkọ ẹni tó yọ ọ́.